Katakata Yìí, Oko Ni Ilé Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, ní Olódì-Àpápá

Ẹni tó bá gba Mile 2 wọ Olódì-Àpápá láàárọ̀ yìí, tó rá pálá kọjá láàárín àwọn tírélà tó ń lọ sí Tin Can, ó yẹ kí a kí i lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá wa sí.

Wọ́n ní kí Alukoro sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tó tóbi jù tí ẹgbẹ́ dáwọ́ lé láti ìgbà tí a ti dá a sílẹ̀. Gbogbo yín ti rí i nígbà tí ẹ ń wọlé. Ó dúró sẹ́nu géètì, ó pọ́n rẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ yín sì ti ń gùn ún ya fọ́tò. Katakata Massey Ferguson 135 ni. A mọ̀ pé bí ẹnìkan bá pariwo "katakata" ní Boundary níbí, pijin ló ń sọ, wàhálà ló dé. Ní oko, katakata ni ẹ̀rọ tó ń túlẹ̀. Tiwa ti ṣe méjèèjì. Ó ti túlẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ó sì ti dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, nítorí pé a kò tíì fẹnu kò lórí ohun tí a ó fi ṣe nígbà tó ti wá ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ pín sí. Àwọn kan ní kí a tà á, kí a pín owó rẹ̀. Àwọn kan ní kí a gbé e kalẹ̀ síwájú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, kí ó jẹ́ ohun ìrántí. Àwọn kan ní kí ó lọ sóko. Níbi ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀ ni a ó dìbò. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ ti jókòó lé e lórí, oko ni a sì fọwọ́ sí. Ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ ṣàlàyé lónìí, kí ẹni tó bá fẹ́ dìbò lè mọ ohun tó ń dìbò fún.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní òpin ọdún 1964 ni ilé iṣẹ́ Massey Ferguson bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú 135 yìí ní Banner Lane, ìlú Coventry, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin pẹlẹbẹ tó wà níwájú awakọ̀ fi hàn pé ọdún 1972 ni tiwa jáde. Ẹni tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ wa, wọn kò tíì bí i nígbà náà. Àwa tí a ń fi ọjọ́ orí ṣe ẹgbẹ́, a gbọ́dọ̀ gbà pé ẹ̀gbọ́n wa ni. Ẹ́ńjìnnì Perkins oní-sílíńdà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, díísù ló ń mu, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 45. Ẹni tó bá ti tún jẹnẹrétọ̀ Perkins ṣe rí ní Èkó yìí ti mọ ọ̀kan nínú àwọn ẹbí rẹ̀.

Ọgbọ́n tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ọwọ́ Harry Ferguson wá, ọmọ ilẹ̀ Ireland. Kí ọgbọ́n yìí tó dé, ńṣe ni wọ́n ń so ohun ìtúlẹ̀ mọ́ ìdí katakata bí ẹni so kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹṣin. Bí ohun ìtúlẹ̀ bá kọ́ gbòǹgbò igi, iwájú katakata lè gbéra nílẹ̀, kí ó sì yí dànù sẹ́yìn lé awakọ̀ lórí. Ferguson fi apá irin mẹ́ta di ohun ìtúlẹ̀ mú, méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Ó wá fi agbára ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń tì gbé e sókè, tí ó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ohun ìtúlẹ̀ bá ṣe ń fa ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, tí apá òkè sì ń ti iwájú katakata sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí katakata tí kò wúwo fi lè ṣe iṣẹ́ tó wúwo. Ẹ lọ wo katakata tuntun tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté lónìí, apá mẹ́ta yẹn ni ẹ ó bá lẹ́yìn rẹ̀.

Nísinsìnyí, báwo ni a ṣe rà á? Abẹ́ igi máńgòrò ni a ti bá a, ní abúlé kan lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn. Bàbá tó ni ín ti ṣaláìsí, adìyẹ sì ti ń yé ẹyin sórí ìjókòó rẹ̀. A kò bá wọn na owó lọ́jọ́ yẹn. A mú mẹkáníìkì wa lọ, àwọn ohun tó yẹ̀ wò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra irú ẹ̀ lọ́la.

Ohun kìíní, ó fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú. Ẹ́ńjìnnì náà yí. Èyí fi hàn pé ìpata kò tíì so písítìnì mọ́ inú sílíńdà. Ohun kejì, ó fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọ inú ẹ́ńjìnnì nìyẹn, ó sì lè jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó tàbí pé irin ti sán. Tiwa dúdú, ó sì ki, ṣùgbọ́n omi kò sí nínú rẹ̀. Ohun kẹta, ó tú ọ́ìlì ẹ̀yìn wò. Nínú katakata yìí, inú ọ́ìlì kan náà ni gíà ẹ̀yìn àti pọ́ǹpù tó ń gbé ohun ìtúlẹ̀ jọ ń gbé, òjò sì máa ń gba ìdí ọ̀pá gíà wọ ibẹ̀ bí rọ́bà rẹ̀ bá ti ya. Omi ti wọ ibẹ̀ ní tiwa, a sì fi ìyẹn já owó. Ohun kẹrin, ó fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ara irin láti iwájú dé ẹ̀yìn bóyá ibì kan ti sán tí wọ́n sì ti jó o pọ̀. Kò sí.

Ohun karùn-ún jẹ́ tàwa tí a ń ṣiṣẹ́ báńkì. A bèèrè ìwé. Ogún ni katakata náà, ọmọ mẹ́fà ni bàbá bí, méjì nínú wọn kò sì sí nílé. Ẹ̀gbọ́n wọn ní òun nìkan tó láti gba owó. A ní rárá o. A dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí gbogbo wọn fi fọwọ́ síwèé níwájú baálẹ̀. Àwọn kan nínú yín bínú sí wa nígbà náà pé a ń fi nǹkan falẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni tó tíì kan ilẹ̀kùn wa láti ìgbà yẹn pé ohun bàbá òun wà lọ́wọ́ wa.

Àwọn kan tún bèèrè pé kí ló dé tí a fi gbé e wá sí Olódì-Àpápá, níbi tí a kò ti ní oko. Ìdí rẹ̀ ni pé ibi tí oníṣẹ́ wà ni a ń gbé iṣẹ́ lọ. Ní àyíká èbúté yìí, láti Kirikiri dé Ajégúnlẹ̀, ẹ́ńjìnnì díísù ni àwọn èèyàn fi ń jẹun: ti tírélà, ti ọkọ̀ ojú omi, ti jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó ń tún nọ́sù ṣe wà níbí. Ẹni tó ń sọ pọ́ǹpù díísù di ọ̀tun wà níbí. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin wà ní Ajégúnlẹ̀, bí ẹ bá sì mú irin tó ti jẹ lọ bá wọn lówùúrọ̀, wọ́n á ti gbẹ́ òmíràn fún yín kó tó di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ni wọ́n gbẹ́ búṣì tó wà ní ẹsẹ̀ iwájú katakata wa, tí ó fi yéé mì bí eyín àgbà.

Oṣù méje ni iṣẹ́ náà gbà. Wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ ríìngì, bẹ́ríǹnì àti gásíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fọ táǹkì díísù, ìpata tó jáde níbẹ̀ kún agolo mílíìkì. Kílọ́ṣì ti tán, a pààrọ̀ rẹ̀. Apá ẹ̀yìn kò gbé nǹkan sókè. Nígbà tí wọ́n tú u, rọ́bà kékeré kan tí kò ju òrùka ọwọ́ lọ ló ti já, tí ọ́ìlì fi ń gba ibẹ̀ sá lọ. Àwọn kan ti gba abúlé lọ́wọ́ pé pọ́ǹpù ló kú. Ladípọ̀ ni a ti rí àwọn ẹ̀yà kan, Owódé Onírin ni a ti rí òmíràn. Banner Lane ti ṣe katakata tó kẹ́yìn lọ́dún 2002, ṣùgbọ́n Pakistan àti India ti ṣe àwọn àbúrò 135 yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀yà ara wọn sì ń bá tirẹ̀ mu ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọ̀dà ni a fi kẹ́yìn: pupa fún bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ìbòrí táyà, eérú fún ẹ́ńjìnnì àti ara. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kun katakata kó tó tún un ṣe, ọjà ló fẹ́ tà fún yín.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ tàn án, kò kọ́kọ́ dáhùn. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú ọ̀nà díísù. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì wa, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ọmọ Ajégúnlẹ̀, ló ń tú nọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan, tó ń fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù títí díísù fi ń jáde láìní ìfófòó, tó sì ń dè é padà. Ó dé nọ́sù kẹta, ó ní kí a tún fi kọ́kọ́rọ́ yí i. Èéfín funfun kọ́kọ́ bo gbogbo ọgbà, lẹ́yìn náà ló mọ́, tí ohùn rẹ̀ sì jókòó. Ẹ rántí ọmọ yìí, a ó padà sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti owó, nítorí pé ibẹ̀ ni ìjà wà. Nínú gbogbo ₦100 tí ẹgbẹ́ ná, ₦35 ni a fi ra katakata, ₦10 ni a fi gbé e wá sí Èkó, ₦55 ló lọ sórí àtúnṣe. Ìwé rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Akápò, ẹnikẹ́ni lè wò ó. Owó orí wa ni, a kò yá kọ́bọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé èlé ìpìlẹ̀ dé ìdá 27.50 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ ẹni tó yá owó ní báńkì nígbà náà sì ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 1977 ni ìjọba ti dá owó ìdúró kalẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ tó bá yá owó ní báńkì. Síbẹ̀, àgbẹ̀ tí kò ní ìwé ilẹ̀, tí kò sì ní ìwé owó, báńkì kì í rí i. Àwa tí a jókòó lẹ́yìn káńtà la ń sọ èyí. Nítorí náà, ohun tí àgbájọ ọwọ́ ẹgbẹ́ kan rà láìjẹ gbèsè kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹni tó ní kí a tà á kò wí asán. Ẹnìkan ti fi owó lọ̀ wá, owó náà yóò sì dá ohun tí a ná padà pẹ̀lú èrè díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a pín in. Ohun tó máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wa kò tó owó aṣọ ẹbí ẹ̀ẹ̀mejì. A ó jẹ ẹ́ tán kí ọdún tó yí po, gàrí kò sì ní tìtorí rẹ̀ wọ́n dín.

Ẹni tó ní kí ó dúró síwájú gbọ̀ngàn, ìfẹ́ ẹgbẹ́ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òkun tó ń fẹ́ sí Àpápá yìí kò mọ ohun ìrántí, gbogbo yín ló mọ ohun tó ń ṣe sí páànù orí ilé. Katakata tí kò ṣiṣẹ́, rọ́bà inú rẹ̀ á gbẹ, bátìrì á kú, táyà á sán, omi á tún gba ìdí ọ̀pá gíà wọlé. Bí òjò ọdún méjì bá rọ̀ lé e, abẹ́ igi máńgòrò ni a tún dá a padà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Olódì-Àpápá ló wà.

Oko ló kù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa mẹ́rin ní ilẹ̀ ìdílé ní agbègbè Ọ̀yọ́ níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tó yí wọn ká sì ń wá ẹ̀rọ tí wọn yóò háyà. Bí wọ́n bá ti ṣán ilẹ̀ náà tí wọ́n sì hú kùkùté rẹ̀, katakata bíi tiwa lè tú éékà mẹ́rin sí márùn-ún lójúmọ́. Àgbẹ̀ tó ń fi ọkọ́ ṣe éékà kan mọ iye ọjọ́ tó ń gbà á àti iye tó ń san fún alágbàṣe.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjókòó lè wí pé a ti rí irú èyí rí. Òtítọ́ ni. Lọ́dún 1959, Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, nígbà tí Olóyè Akin Deko jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, bẹ̀rẹ̀ ètò ibùdó àgbẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé ìwé, wọ́n wo àwòkọ́ṣe abúlé àgbẹ̀ ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Ìlọrá wà lára àwọn ibùdó náà. Lẹ́yìn náà, a gbọ́ Operation Feed the Nation lọ́dún 1976, a gbọ́ Green Revolution lọ́dún 1980. Àwọn ìjọba rà katakata, wọ́n ń fi háyà fún àgbẹ̀. Ẹ gba ọ́fíìsì ètò ọ̀gbìn kọjá ní ọ̀pọ̀ ìlú, ẹ ó rí èyí tó ti di ilé aláǹgbá. Kùkùté inú oko ló ṣẹ́ òmíràn, àìsí ẹ̀yà ara ló dá òmíràn dúró, oko kéékèèké tó jìnnà síra ló sì jẹ díísù òmíràn tán lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n èyí tó pa á jù ni ohun tí Yorùbá sọ pé a kì í ṣe iṣẹ́ ọba kí a làágùn. Awakọ̀ mọ̀ pé bí ọ́ìlì bá tán, kò sí ẹni tí yóò bi òun.

Ẹ̀rù tó ń bà wá fún ẹgbẹ́ náà nìyẹn. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa lè di ohun tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ìfẹ́ nìkan kò sì lè gbà wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1938, Harry Ferguson tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan lọ bá Henry Ford ní Amẹ́ríkà, ó fi ọgbọ́n apá mẹ́ta yẹn hàn án. Àwọn méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn yóò jọ ṣòwò. Wọn kò kọ ìwé. Katakata wọn jáde lọ́dún 1939, ó sì tà gan-an. Nígbà tí ọmọ ọmọ Ford gba ilé iṣẹ́, ó ní òun kò mọ àdéhùn kankan. Ilé ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ parí sí, ọdún 1952 ni wọ́n tó yanjú rẹ̀, tí ilé iṣẹ́ Ford fi san mílíọ̀nù dọ́là mẹ́sàn-án àti díẹ̀. Olówó méjì tó fẹ́ràn ara wọn nìyẹn. Àwa mélòó kan la wà nínú ẹgbẹ́ yìí?

Nítorí náà, bí a bá dìbò fún oko, ìwé ni a ó fi gbé e lọ, ìgbìmọ̀ sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Awakọ̀ kan ṣoṣo ni yóò máa wà á, òun ni a ó sì máa bi. Ìwé wákàtí yóò wà lára rẹ̀: iye wákàtí tó ṣe, iye díísù tó mu, ọjọ́ tí a pààrọ̀ ọ́ìlì. Bí wákàtí 100 bá pé, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jáde, bí oko tilẹ̀ ń dúró. Oko tí kùkùté bá wà nínú rẹ̀, katakata kò ní wọ ibẹ̀. Owó ni yóò ṣáájú iṣẹ́, fún ọmọ ẹgbẹ́, fún aládùúgbò, àti fún àna Ààrẹ. Nínú gbogbo owó tó bá wọlé, ìdá kan nínú mẹ́ta yóò lọ sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún táyà àti àtúnṣe, ẹni mẹ́ta ni yóò sì máa fọwọ́ sí i kó tó jáde. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jókòó sórí ìbòrí táyà nígbà tó bá ń lọ. Ẹni tó bá wọ agbádá tàbí tó wé ìró kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ irin tó ń yí lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé irin yẹn ń yí ní ìgbà 540 láàárín ìṣẹ́jú kan, kì í sì í dúró bèèrè aṣọ lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi pa á lónìí, tí a sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò.

Ta ni awakọ̀ náà? Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó yọ afẹ́fẹ́ nínú ọ̀nà díísù lọ́jọ́ yẹn ni. Ó ti tú katakata yìí palẹ̀, ó sì ti tò ó padà. Kò sí nọ́ọ̀tù kan tí kò mọ̀ lára rẹ̀. Ó gbà láti lọ, ọ̀gá rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì wà níjókòó níbí pẹ̀lú wa. A ń san owó oṣù fún un, a sì ti ṣèlérí pé bí ó bá ṣe ọdún mẹ́ta, ẹgbẹ́ yóò ra àpótí irinṣẹ́ fún un, yóò sì dá dúró. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ kan tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, àgbẹ̀ bíi mélòó kan tí ọkọ́ kò tẹ̀ lẹ́yìn mọ́, àti ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ nínú òógùn tó là: ohun tí ìbò yín yóò rà nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ìpàdé gbogbogbòò jẹ́ ọjọ́ Sátidé kejì oṣù tó ń bọ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ kò ní dúró dè wá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣe pẹ́. Ẹ̀yin àlejò wa, oúnjẹ ti délẹ̀, àwọn onílù sì ti ń wò wá ní ìwòkuwò. Ọdún mẹ́wàá mìíràn yóò bá wa láyọ̀ o.